Owó ìwádìí Pentagon fún ilé-iṣẹ́ kékeré: ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ẹnjiníà ni àwa méjèèjì níbí ní Amẹ́ríkà. A ti ń ṣe àpótí kan nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́ fún bí ọdún kan ààbọ̀. Máíkì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀; ó máa ń gbọ́ ìró dírónù kékeré kó tó dé ìtòsí, á sì sọ apá ibi tó ti ń bọ̀. Ẹnì kan sọ fún wa pé ká lọ gba owó SBIR, pé ológun á fún wa lówó ìwádìí, wọn ò ní gba ìpín kankan nínú ilé-iṣẹ́ wa, a ò sì ní dá a padà. Ìyàwó mi ní kò sí ohun tó ń jẹ́ owó ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ológun. Mo ti ka èsì àtijọ́ níbí: àwọn kan ní wúrà ni, àwọn kan ní pańpẹ́ ni. Èwo ni kí n gbà? Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀?

Èsì

Ìyàwó yín ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tó ní lọ́kàn kọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí. Àwa méje péré la wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, àpótí tó ń ṣọ́ bátìrì rédíò àwọn ọmọ ogun la sì ń ṣe, èyí tó ń sọ iye agbára tó ṣẹ́ kù gan-an. A ti gba ìpele kìíní lẹ́ẹ̀mẹrin, ìpele kejì lẹ́ẹ̀mejì, ìpele kẹta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà, orí ló yọ wá.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣàjèjì sí: SBIR ni ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ya apá kan owó ìwádìí rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 500 lọ. Roland Tibbetts ló dá a sílẹ̀ ní National Science Foundation ní 1977; Reagan fọwọ́ sí i, ó di òfin ní 1982. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó bá ń ná ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún lórí ìwádìí tí àwọn ará ìta ń bá a ṣe gbọ́dọ̀ yọ ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún ètò yìí. Ti ológun, ìyẹn Pentagon, ló tóbi jù nínú gbogbo wọn.

Ní ìpele kìíní, ẹ ó fi hàn pé nǹkan náà ṣeé ṣe. Oṣù mẹ́fà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ìpele kejì, ẹ ó ṣe é kó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí ọdún méjì. Ní ìparí 2024, iye tó ga jù tí wọ́n lè fúnni láìtọrọ àyè pàtàkì lé díẹ̀ ní 314,000 dọ́là fún ìpele kìíní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.1 fún ìkejì. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ológun kì í fúnni tó bẹ́ẹ̀.

Ìpele kẹta ni pé ẹ tà á. Kò sí sẹ́ńtì kan owó SBIR nínú ìpele kẹta. Ẹlòmíì ni yóò fi owó tirẹ̀ rà á, ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fún yín lówó, tí kò sì jẹ yín ní gbèsè kankan.

Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro wà. Ẹni tó ń fún yín lówó ìwádìí kọ́ ni oníbàárà yín.

* * *

Ariwo ti pọ̀ lókè yìí kí n tó padà dé. Èyí tí ẹ ń tẹnu mọ́ jù ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá á jí iṣẹ́ náà, pé ìjọba á gbé àwòrán yín fún wọn, ẹ ó sì wà níta bí ajá tó ń wo eegun lẹ́nu ẹlòmíì.

Rárá o. Òfin wà níkàlẹ̀. Láti 2019, ohun tí ẹ bá fi owó SBIR ṣe, ogún ọdún ni ìjọba ò fi gbọ́dọ̀ tú àṣírí rẹ̀ síta fún ẹlòmíì, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fún yín níṣẹ́. Ìjọba lè lò ó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fà á lé alátakò yín lọ́wọ́ pé kó bá òun ṣe é. Ọdún márùn-ún ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, torí náà nǹkan ti sàn gan-an.

Àmọ́ òfin yẹn kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò bá kọ ọ́ sára ìwé. Àmì kan wà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà nínú DFARS, ìwé òfin ríra ọjà ti ológun, ní abala 252.227-7018, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ lẹ ó ṣe tẹ̀ ẹ́ sójú gbogbo ìwé tó bá ní àṣírí nínú. Nígbà ìpele kejì wa àkọ́kọ́, ọmọ kan nínú wa fi àwòrán sákíìtì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ológun tó fún wa níṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, ojú ìwé mọ́kànlá, láìsí àmì kankan. Ọmọ rẹ̀ ní eré bọ́ọ̀lù, ó ń kánjú. Lẹ́yìn oṣù méjì, a jókòó sí ìpàdé kan, mo gbójú sókè, mo rí ojú ìwé wa kẹrin lára ògiri, ẹlòmíì ló ń ṣàlàyé rẹ̀. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé tiwa ni? Àwa la ṣàṣìṣe tí a kọ nọ́ńbà kan náà, R17, sára résísítọ̀ méjì. R17 méjì ló wà lára ògiri yẹn.

Wọn ò jí i. Àwa la gbé e síta. Òfin fún wa ní oṣù mẹ́fà láti bẹ̀bẹ̀ pé ká fi àmì sí i, a bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ti rí, ojú ti rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè, ti yín tún ju èyí lọ. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ ti fi owó ara yín ṣe nǹkan yìí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí: ọjọ́, fáìlì, rìsíìtì máíkì. Nínú ìwé àbá, èyí tí ẹ fi ń tọrọ owó náà, tábìlì kan wà tí ẹ ó ti to ohun tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi tábìlì yẹn sílẹ̀ lófìfo ti sọ pé ìjọba ló bá òun ṣe gbogbo ẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá ẹni tó ní green card, ìwé ìgbé ayé títí láé, lè wọ ètò yìí: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè wọ̀ ọ́. Ohun tí òfin sọ ni pé ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní Amẹ́ríkà, kó jẹ́ èyí tó ń wá èrè, kí ohun tó ju ìdajì ìní rẹ̀ lọ sì wà lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbé ayé títí láé. Òfin ITAR náà, tó ń ṣọ́ ohun ìjà àti ìmọ̀ nípa rẹ̀, kò yà yín sọ́tọ̀ sí ọmọ ìbílẹ̀. Ibi tí ẹ ó ti kọsẹ̀ ni ìwé àṣẹ láti rí àṣírí ìjọba. Ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló wà fún. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìpele kìíní ò béèrè fún un.

Ẹ̀gbọ́n tó ní òun á ní kí àbúrò òun tó wà lókè òkun bá òun kọ sọ́fíwíà nítorí owó rẹ̀ kéré: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Iṣẹ́ SBIR, Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n ti ń ṣe é. Tí ohun náà bá sì wọ abẹ́ ITAR, ẹ kàn fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ẹ ti kó ọjà ológun jáde kúrò nílùú láìgbàṣẹ. Kódà tó bá jókòó ti yín ní pálọ̀ yín níbí, tí físà àbẹ̀wò ló fi wọlé, bákan náà ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtanràn nìkan, ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀.

* * *

Àǹtí tó ní iṣẹ́ ìṣirò owó lòun ń ṣe bá mi wí, wọ́n ní mò ń dẹ́rù ba èèyàn, pé ìwé owó ìjọba ò le fún ẹni tó bá létòlétò. Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo gbà pé fún ẹ̀yin kò le. Àwa ẹnjiníà ló le fún.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ibi tó ti ń dùn wá. Ìpele kìíní, iye kan pàtó ni wọ́n máa ń san. Ẹ fi ìròyìn iṣẹ́ ránṣẹ́, owó wọlé. Tó bá di ìpele kejì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ náwó, kí ẹ tó kọ ìwé pé kí wọ́n dá a padà pẹ̀lú èrè díẹ̀. Kí wọ́n tó fún yín nírú ẹ̀, wọ́n lè rán DCAA, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ti ológun, láti wò ó bóyá ìwé yín lè ya owó iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Wọn ò wá wò ó bóyá ẹ ní owó. Wákàtí ni wọ́n wá wò.

Lójoojúmọ́ ni olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ wákàtí tirẹ̀, iṣẹ́ tó fi í ṣe, kódà wákàtí tí wọn ò ní sanwó rẹ̀. Ọ̀gá DCAA kan wá sọ́dọ̀ wa, kò tilẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì mi. Ó lọ bá ọmọdékùnrin tó ń jó wáyà pọ̀ nídìí tábìlì, ó ní, "Iṣẹ́ wo lo ń ṣe báyìí? Fi ìwé rẹ ti àná hàn mí." Ọmọ náà ti kọ ti Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ́ọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́rú sì ni ọjọ́ yẹn. Ó ń kọ wákàtí ọ̀la sílẹ̀ kó má bàa gbàgbé! A rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Àǹtí, ohun tí n ò gbà lẹ́nu yín ni pé "owó á ṣáà dé." Ìgbà wo? Láàárín ìparí ìpele kìíní àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì, oṣù mẹ́fà lè kọjá, ọdún kan lè kọjá. Owó oṣù àwọn èèyàn yín kì í dúró. Ìgbà àkọ́kọ́, oṣù mẹ́jọ ni tiwa. Mo gba ti èmi ní ààbọ̀, ẹni tó dára jù nínú wa bá tirẹ̀ lọ, kò sì padà.

Ẹ sì má gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 30 Oṣù Kẹsàn-án 2025. Ètò yìí kì í ṣe ti ayérayé. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ní 2022, wọ́n sún un fún ọdún mẹ́ta ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn gan-an. Ní 2025, wọn ò rí i sún kí ọjọ́ tó pé. Àwọn tó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ń ṣe é lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun dúró nígbà yẹn. Ẹni tó ti yá owó lọ́wọ́ báǹkì pé ìpele kejì òun ń bọ̀ ní Oṣù Kẹwàá, ẹ bi í léèrè bí ó ṣe rí.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sí ibòmíì, àmọ́ ibi tó yà sí wù mí.

Àwọn kan ní ètò yìí ti bàjẹ́, pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí kò ta nǹkankan rí, tó jẹ́ pé ìwé àbá ni wọ́n ń kọ láti ọdún dé ọdún, tí wọ́n ń gba ìpele kìíní àti ìkejì bí ẹni ń gba owó oṣù. "Ọlọ SBIR" ni wọ́n ń pe irú wọn ní Amẹ́ríkà, bíi ọlọ tó ń lọ ata láìdúró. Ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìjà lórí wọn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ètò náà sún ní 2025: àwọn kan fẹ́ kí wọ́n fi òté lé iye tí ilé-iṣẹ́ kan lè gbà, àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo ti bá méjì nínú irú wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Kì í ṣe olè ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó já fáfá ni, wọ́n sì máa ń dáhùn ìbéèrè tí ọ́fíìsì ìwádìí béèrè dáadáa. Ìwádìí ni wọ́n rà, ìwádìí ni wọ́n gbà. Ẹ̀bi wo ló wà níbẹ̀? Ibi tí inú ti ń bí mi ni pé wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kọ ìwé àbá débi pé ẹni tuntun tó ní nǹkan gidi lọ́wọ́ kì í lè bá wọn figa gbága. Ojú ìwé wọn máa ń dán. Tiwa àkọ́kọ́ dà bí ìwé ìdánwò ọmọ tó pẹ́ dé.

Àwọn tó sì ń fi iRobot àti Qualcomm pariwo pé "ẹ wò wọ́n, SBIR ló bí wọn": òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì gba nínú owó yìí nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún. 1990 ni wọ́n dá iRobot sílẹ̀. 1998 ni DARPA, ọ́fíìsì ìwádìí ti ológun, fún wọn níṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì tó di PackBot. 2002 ló dé Afghanistan, tó ń wọ inú ihò tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fi orí ara rẹ̀ wọ̀. Ọdún méjìlá! Nígbà tó sì di 2016, wọ́n ta apá ológun náà dànù, wọ́n dojú kọ rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀. Ẹni tó bá ń fi wọ́n ṣàpẹẹrẹ, kó sọ ìyẹn náà.

* * *

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọ̀rọ̀. Mo sọ pé olówó ìwádìí kọ́ ni oníbàárà, ẹnì kan sì ní kí n fi hàn.

Àpótí bátìrì wa àkọ́kọ́, ọ́fíìsì ìwádìí fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń sọ agbára tó kù débi pé kò ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó fi ń ṣì í. A gbé e lórí tábìlì tó ń mì tìtì fún ìdánwò MIL-STD-810, èyí tí ológun fi ń mọ̀ bóyá ohun èlò lágbára, kò já. A ti ń ka owó ìpele kẹta lọ́kàn. Wọ́n ní ká gbé e lọ han àwọn tó ń lò ó níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò.

Sájẹ́ǹtì kan gbà á. Kò wo ojú rẹ̀ rárá. Ó gbé àpótí wa sọ́wọ́ òsì, ó gbé bátìrì rédíò kan tí wọ́n ń pè ní 5590 sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń gbé wọn sókè gbé wọn sódò bí ẹni tó ń yan iṣu lọ́jà. Bátìrì yẹn tó kílò kan; tiwa sì ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n gbé ohun tó máa sọ fún mi pé bátìrì ti ń tán ni, àbí kí n gbé bátìrì kejì?"

Mo ya ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọdún mẹ́ta iṣẹ́, ìbéèrè kan ló wó o. Kò sì sí ẹni tó bi wá ní irú ìbéèrè yẹn rí ní ọ́fíìsì ìwádìí, nítorí àwọn kọ́ ló ń fi èjìká gbé e.

Oṣù mẹ́rìnlá la fi tún un ṣe, a kó o wọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba bátìrì lágbára ní bárékè, níbi tí kò sí ẹni tó ń gbé e kiri. Ẹ sì wò ó, kì í ṣe ọ́fíìsì tó fún wa lówó ló rà á. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ni, àwọn tó ti rẹ̀ láti máa sọ bátìrì tó ṣì dára nù.

Owó wo ni wọ́n fi rà á? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo yín kọ sára ògiri nìyẹn. Owó ológun Amẹ́ríkà ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Owó ìwádìí, ọdún méjì ni wọ́n ní láti fi wá ibi tí wọ́n máa ná an sí. Owó ríra ohun èlò, ọdún mẹ́ta. Owó ìtọ́jú àti iṣẹ́ ojoojúmọ́, ọdún kan. Ẹni tó ní aláwọ̀ kan ò lè fi ṣe ti èkejì, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra nǹkan yín ní pupọ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sínú ìṣúná ní bí ọdún méjì ṣáájú. Tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ò bá wá fọwọ́ sí ìṣúná lásìkò ní 1 Oṣù Kẹwàá, tí wọ́n kàn sọ pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ máa ná iye tí wọ́n ná lọ́dún tó kọjá, ohun tuntun ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nǹkan yín ni ohun tuntun náà.

Àárín yẹn ni ilé-iṣẹ́ kékeré ń kú sí. "Àfonífojì ikú" ni àwọn aláwọ̀ funfun ń pè é. Dáfídì nínú Sáàmù 23 ṣáà ní ọ̀pá àti ọ̀gọ. Ohun tí àwa ní ni pé ìpele kẹta kò nílò ìdíje mọ́: ọ́fíìsì ìjọba èyíkéyìí tó bá fẹ́ ohun tó ti inú iṣẹ́ SBIR yín jáde lè rà á tààrà lọ́wọ́ yín, iye yòówù kó jẹ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àdéhùn ríra ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń tẹ ojú ìwé òfin náà, mo máa ń gbé e dání lọ sípàdé. Ẹ rẹ́rìn-ín mi tẹ́ ẹ bá fẹ́.

* * *

Ẹni tó béèrè tún kọ̀wé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ìyàwó mi ti ka gbogbo ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn: ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀? Àti pé, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ò mọ̀ pé mò ń ṣe nǹkan yìí.

Èsì

Èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ.

Ẹ lọ wá ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà yín síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohunkóhun tí ẹ bá hùmọ̀, tó bá jọ mọ́ iṣẹ́ wọn, tiwọn ni, ìbáà jẹ́ ní gáréèjì yín lóru. Tó bá wà níbẹ̀, lọ́yà ni ẹ ó kọ́kọ́ sanwó fún, kì í ṣe ẹni tó ń kọ ìwé àbá. Kò sí àmì DFARS tó lè gba nǹkan tí kì í ṣe tiyín là. Ọ̀rẹ́ yín náà, kó wo tirẹ̀.

Tí ìyẹn bá mọ́, ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹ lè kọ ìwé àbá nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí SBIR béèrè ni pé ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa fi ju ìdajì àsìkò rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kékeré yín, láti ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín níṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ní kíkún níbòmíì. Ẹnì kan nínú yín méjèèjì ló tó. Ẹni tí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ní ìbánigbófò ìlera níbi iṣẹ́, òun ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹ má fi ìgbéraga yan ẹni náà.

Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní SAM.gov, ojú òpó ìjọba fún àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í yá. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ímeèlì ránṣẹ́ pé kí ẹ sanwó kó bá yín ṣe é, ẹ pa á rẹ́. Àwọn APEX Accelerators wà ní ìpínlẹ̀ gbogbo, ìjọba ló ń sanwó wọn láti ràn yín lọ́wọ́ lórí ìwé wọ̀nyí. Èmi ò mọ̀ wọ́n títí di ọdún kẹta mi, ó sì ń dùn mí.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sójú òpó DSIP, níbi tí ológun ń to àkòrí ìwádìí sí. Kí àkòrí tó ṣí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ máa ń wà tí ẹ lè bá ẹni tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀ tààrà lórí fóònù. Tó bá ti ṣí, ilẹ̀kùn yẹn ti tì, ìbéèrè orí òpó nìkan ló kù, gbogbo ayé á sì máa kà á. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ má pè é láti ṣàlàyé ọgbọ́n máíkì yín. Ẹ bi í pé: ta ló ní kí o kọ àkòrí yìí? Ẹgbẹ́ ọmọ ogun wo? Tó bá dárúkọ ọ́fíìsì kan, ẹ wá ọ̀nà dé ibẹ̀. Tó bá ní "gbogbo ológun ló nílò rẹ̀," kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ nìyẹn, ẹ wá àkòrí míì.

Ohun kan nípa àpótí náà fúnra rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìró ò ṣàjèjì sí mi. Bíi mítà 340 ni ìró ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Dírónù tó wà ní jíjìn bẹ́ẹ̀, ibi tó wà ní ìṣẹ́jú àáyá kan sẹ́yìn ni máíkì yín ń gbọ́. Tó bá ń sáré mítà ogún ní ìṣẹ́jú àáyá, ó ti fi mítà ogún kúrò níbẹ̀. Èyí kéré. Afẹ́fẹ́ ló máa dà yín láàmú. Gáréèjì yín ò ní afẹ́fẹ́, kò sì ní jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ gbé e síta lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gan-an, ẹ tan ẹ̀rọ ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí sílẹ̀ bó ṣe rí, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Nọ́ńbà tí kò dáa tó wà nínú ìwé àbá máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń kà á gbà pé ẹ ti jáde kúrò nínú ilé rí.

Mélòó ni àpótí yín wọ̀n? Ẹ ò sọ. Ẹ lọ gbé e sórí ìwọ̀n lálẹ́ yìí, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, kí ẹ wá kọ ọ́ síbí.